Ọ̀rá Lámínéètì Kọ́ Ló Máa Gba Ìwé Ìròyìn Àtijọ́ Là

Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá rí ìwé ìròyìn àtijọ́ nísàlẹ̀ àpótí, ọ̀dọ̀ oní-fọ́tòkọ́pì ni wọ́n ń gbé e lọ, kó bá wọn ṣe lámínéètì rẹ̀. Wọ́n gbà pé tí ọ̀rá bá ti bò ó lójú, tó bò ó lẹ́yìn, kò sóhun tó tún lè ṣe é mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Igi lílọ̀ ni wọ́n fi ṣe bébà ìwé ìròyìn bíi Daily Times, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1926, àti West African Pilot ti 1937. Inú igi yìí ni lignin, èròjà tó ń so fọ́nrán igi pọ̀, wà. Bí ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ bá ti ń bá a jà, bébà á pọ́n bí omi tíì, ásíìdì á máa pọ̀ nínú rẹ̀, á sì máa gé fọ́nrán rẹ̀ títí etí rẹ̀ á fi máa já wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ síni lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí ìwé ìròyìn tí wọ́n fi bébà alákìísà tẹ̀, kí ti onígi tó gbòde, fi sábà máa ń lágbára ju àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ lọ.

Ooru ẹ̀rọ lámínéètì máa ń tó ti omi híhó, ó tiẹ̀ lè jù ú lọ. Ooru yẹn ń mú kí ìbàjẹ́ náà yá. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ á yọ́ wọnú bébà, ásíìdì ò ní rọ́nà jáde, ẹ ò sì ní lè bó ọ̀rá náà láì ya ìwé. Àwọn onímọ̀ gan-an ti kọsẹ̀ níbí rí: láti àwọn ọdún 1930 ni William Barrow, atúnwèéṣe kan, ti ń fi ọ̀rá cellulose acetate bo ìwé àtijọ́ ní Virginia, ní Amẹ́ríkà. Lónìí, acetone ni wọ́n fi ń yọ́ ọ̀rá náà kúrò lára díẹ̀ nínú wọn.

Ohun tó dára ni kí ẹ fi ìwé náà sáàárín ọ̀rá polyester méjì (kì í ṣe ọ̀rá PVC o), tó fi bíi sẹ̀ntímítà 2 tóbi ju ìwé lọ yípo. Téèpù olójú méjì ni kí ẹ fi lẹ etí ọ̀rá mọ́ra, kí téèpù jìnnà sí bébà díẹ̀, kí ẹ sì fi àlàfo kékeré sílẹ̀ ní igun. Ẹ fi bébà tó ní calcium carbonate sẹ́yìn rẹ̀ kó lè máa pa ásíìdì. Láìsí èyí, ọ̀rá lásán lè dá kún ìbàjẹ́. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, ẹ kàn gé etí ọ̀rá ni.

Sẹ́lótéèpù náà ò dáa: gọ́ọ̀mù rẹ̀ á pọ́n, á sì mu dé ojú lẹ́tà. Bébà fẹ́lẹ́ ti Jàpáánì àti lẹ́ẹ̀ táàṣì àlìkámà ni àwọn atúnwèéṣe fi ń di ojú yíya.

Ẹ tẹ́ ìwé náà sílẹ̀ gbọrọ nínú páálí tí kò ní ásíìdì, níbi tó ṣókùnkùn. Ẹ gbé e sókè kúrò nílẹ̀, kó má sì kan ògiri. Bí ọ̀rinrin bá kọjá ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún, ó lè hu. Ẹ̀rọ amúlétutù tí ẹ ń tàn lọ́sàn-án, tí iná sì ń lọ lóru, ń ba bébà jẹ́ ju yàrá tí atẹ́gùn ń fẹ́ déédéé lọ, torí bébà á máa fẹ̀, á tún máa sún kì.

Ẹ ya àwòrán rẹ̀ kí olùwádìí lè máa lo àwòrán, kí ìwé gangan sì sinmi. Ojú-ewé ìpolówó náà kò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Ibẹ̀ ni olùwádìí ti ń rí iye tí wọ́n ń ta aṣọ, iyọ̀ àti kẹ̀kẹ́ nígbà náà.