Bí àtọ̀gbẹ àti àìsàn táírọ́ìdì ṣe ń ba egungun àti ẹsẹ̀ jẹ́

Ojoojúmọ́ ni ara ń wó egungun tó sì tún ń kọ́ ọ. Sẹ́ẹ̀lì kan á jẹ ibi tó ti gbó kúrò, òmíràn á tẹ̀lé e láti fi tuntun dí ojú ibẹ̀. Táírọ́ìdì, ẹ̀yà ara kékeré tó wà níwájú ọ̀fun, tó jẹ́ pé òun ló ń wú tí à ń pè é ní gẹ̀gẹ̀, wà lára ohun tó ń pinnu bí iṣẹ́ yìí ṣe ń yá sí.

Bí họ́mónù rẹ̀, ìyẹn èròjà tó ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ láti darí iṣẹ́ ara, bá pọ̀ jù, wíwó á máa yá ju kíkọ́ lọ, egungun á sì máa fẹ́lẹ́ sí i. Ní 1891 ni Friedrich von Recklinghausen, dókítà ará Jámánì, ti ṣàpèjúwe obìnrin kan tí àìsàn yìí pa, tí ihò ti kún inú egungun rẹ̀. Ẹni tí táírọ́ìdì tirẹ̀ ń fà, ìyẹn tí họ́mónù rẹ̀ kò tó, tó ń lo levothyroxine, oògùn tó ń dípò họ́mónù náà, lè bọ́ sínú ewu kan náà bí oògùn bá ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, pàápàá obìnrin tó ti kọjá ọjọ́ orí nǹkan oṣù.

Ti àtọ̀gbẹ ló ń tan ènìyàn jù. Egungun dà bíi kọnkéré: kálísíọ̀mù ni sìmẹ́ńtì, okùn puroténì tó ń jẹ́ kọ́lájìn ni irin inú rẹ̀. Ṣúgà tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ kọ́lájìn yìí, á mú un gan débi pé kò ní lè tẹ̀ díẹ̀ kó tó kán. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn bí egungun ṣe ki tó, sìmẹ́ńtì nìkan ló ń rí. Ìdí nìyí tí èsì ẹlòmíràn tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kejì fi máa ń dára, tí egungun rẹ̀ sì ń tètè kán.

Ní ẹsẹ̀, ṣúgà á ha inú iṣan ẹ̀jẹ̀, ọ̀rá á lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, ọ̀nà á sì há. Táírọ́ìdì tó ń fà náà ń dá kún un, torí ó ń mú kí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Èyí tó ń sáré jù lè da ìlù ọkàn rú, kí ẹ̀jẹ̀ dì níbẹ̀, kó lọ dí iṣan ẹsẹ̀ lójijì. Ẹsẹ̀ tó ṣàdédé tutù, tó funfun, tó ń ro ni gógó, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀nà tó ń há díẹ̀díẹ̀ máa ń fi ara hàn bí èèyàn bá ń rìn: ẹran ẹ̀yìn ojúgun á máa fún un pinpin, á sì dẹ̀ bó bá dúró. Ṣùgbọ́n àtọ̀gbẹ tún máa ń pa iṣan tó ń mọ ìrora, nítorí náà ọ̀pọ̀ ni kì í gbọ́ ìkìlọ̀ kankan.

Ibẹ̀ ni egungun àti ẹsẹ̀ ti ń pàdé. Àwọn egungun kéékèèké inú àtẹ́lẹsẹ̀ lè máa kán, kí ẹni tó ni ín má mọ̀. Ẹsẹ̀ á wú, á pọ́n, á gbóná ju ìkejì lọ, kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ dùn ún. Nílé, wọ́n á ní ó fẹsẹ̀ tẹ nǹkan, wọ́n á gbé omi gbígbóná wá. Ó dunni gan-an, torí ẹsẹ̀ tí kò mọ ìrora lè bó nínú omi náà, gbogbo ìṣísẹ̀ sì ń fọ́ egungun sí i. X-ray àkọ́kọ́ pàápàá lè má fi nǹkan hàn. Ìtọ́jú rẹ̀ ni kí wọ́n fi POP dì í, kó má sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún oṣù mélòó kan, títí ooru ẹsẹ̀ méjèèjì yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ara mu.