Aṣọ́lé kan, ìwé owó méjì: bí Athletic Bilbao àti Chelsea ṣe ń kó agbábọ́ọ̀lù jọ

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, Chelsea san mílíọ̀nù 80 yúrò láti fi gba aṣọ́lé Kepa Arrizabalaga lọ́wọ́ Athletic Bilbao ti ilẹ̀ Spéènì. Ní pọ́n-ùn, ó jẹ́ mílíọ̀nù 71.6. Kò tíì sí aṣọ́lé tí wọ́n ná tó bẹ́ẹ̀ lé lórí rí. Athletic kò pàtẹ rẹ̀ fún títà, wọn kò sì láṣẹ láti sọ pé rárá. Ọ̀rọ̀ Kepa yìí dára láti fi ṣe àlàyé, nítorí inú ẹgbẹ́ méjèèjì ló gbà kọjá, ibi tí ọ̀nà wọn ti yà sì hàn lára rẹ̀ kedere. Ní Bilbao, iṣẹ́ tó le jù ni bí ẹni tó wà nílé kò ṣe ní lọ. Ní Chelsea, òun ni bí ẹni tó ti wọlé yóò ṣe jáde.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: Athletic mú ọ̀rọ̀ yìí bó ṣe rí gan-an. Wọn kì í gba ẹni tí wọn kò bí sí ilẹ̀ Basque, àfi bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló ti kọ́ bọ́ọ̀lù. Líìgì kọ́ ló fi òfin yìí lélẹ̀, ìpinnu ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ni, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí wọ́n ni ín ló sì ń dìbò yan ààrẹ tí yóò pa á mọ́. Ilẹ̀ náà kò tóbi. Bizkaia, Gipuzkoa, Araba àti Navarra wà lápá Spéènì, agbègbè mẹ́ta wà lápá Faransé, àwọn èèyàn ibẹ̀ lápapọ̀ sì tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 3. Nínú odò kékeré yìí náà ni Real Sociedad, Osasuna, Alavés àti Eibar ti ń pẹja. Àwọn kan máa ń rò pé ẹ̀jẹ̀ ìran Basque ni wọ́n ń wò, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ghana ni òbí Iñaki Williams, Bilbao ni wọ́n bí i sí. Agen ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí kì í ṣe ilẹ̀ Basque, ni wọ́n bí Aymeric Laporte sí, ṣùgbọ́n ó kọ́ bọ́ọ̀lù ní Bayonne àti ní ọgbà Athletic, ìyẹn sì tó.

Lezama ni wọ́n ń pe ọgbà náà. Ọdún 1971 ni wọ́n ṣí i. Àkàsọ̀ tí ọmọdé ń gùn níbẹ̀ ò le láti mọ̀. Láti ikọ̀ àwọn ọ̀dọ́, ó di Basconia, ẹgbẹ́ kékeré tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Láti Basconia, ó di Bilbao Athletic tí í ṣe ikọ̀ kejì, lẹ́yìn náà ni ikọ̀ àgbà. Ẹni tó bá ti ju ikọ̀ kejì lọ ṣùgbọ́n tí kò tíì tó ti àgbà, wọ́n á yá a fún ẹgbẹ́ mìíràn kó lè máa gbá bọ́ọ̀lù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ohun tí wọ́n ń lé ni pé kí ẹni kejì ti wà lórí àkàsọ̀ kí ẹni àkọ́kọ́ tó kúrò. Nígbà tí Kepa lọ, tí Iago Herrerín sì farapa, wọ́n pe Unai Simón padà láti Elche tí wọ́n yá a fún. Ní ogúnjọ́ oṣù kẹjọ yẹn gan-an, òun ló ṣọ́lé fún wọn nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ pẹ̀lú Leganés. Kọ́bọ̀ kan ò jáde lápò Athletic lórí ẹni tó rọ́pò aṣọ́lé tó wọ́n jù lágbàáyé.

Àṣeyọrí bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti gbogbo ipò. Bí Lezama bá mú aṣọ́lé mẹ́ta jáde láàárín ọdún díẹ̀ tí kò mú atamátàsé kankan jáde, kò sí ọjà tí wọ́n lè sá lọ. Lọ́dún tí irú àìtó bẹ́ẹ̀ bá kóra jọ, ewu ńlá ni: ipò kẹtàdínlógún ni wọ́n wà ní ìparí sáà 2006/07, ipò kan péré sókè àwọn tó já sí ìpele kejì. Síbẹ̀, àwọn, Real Madrid àti Barcelona nìkan ni kò tíì já rí.

Ibi tí wọ́n ti máa ń gbọgbẹ́ ni owó ìtúsílẹ̀. Òfin Spéènì ti ọdún 1985 fún eléré ìdárayá lẹ́tọ̀ọ́ láti fòpin sí àdéhùn rẹ̀ bó bá san owó gbà-mábìínú. Nítorí náà, wọ́n máa ń kọ iye owó náà sínú àdéhùn gbogbo agbábọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá kó iye yẹn kalẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, mílíọ̀nù 20 yúrò péré ni ti Kepa, àdéhùn rẹ̀ kò sì ju oṣù díẹ̀ lọ mọ́. Real Madrid ń wò ó. Athletic sáré fún un ní àdéhùn tuntun tó máa dé 2025, wọ́n sì gbé owó ìtúsílẹ̀ sí mílíọ̀nù 80. Ìtọwọ́bọ̀wé yẹn nìkan ló mú mílíọ̀nù 60 wá sí ìyàtọ̀ lóṣù méje lẹ́yìn náà.

Owó pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ni wọ́n fẹ́ fi rà? Lóṣù kìíní ọdún yẹn, Manchester City san mílíọ̀nù 65 yúrò lórí Laporte. Athletic nílò ẹlòmíràn tó máa dúró lẹ́yìn, ẹni tó yẹ ní gbogbo ilẹ̀ Basque kò sì ju kí a fi ọmọ ìka kà. Bí wọ́n ṣe lọ san mílíọ̀nù 32 fún Iñigo Martínez ní Real Sociedad nìyẹn, gbogbo owó ìtúsílẹ̀ rẹ̀ láìyọ kọ́bọ̀. Aládùúgbò tó mọ̀ pé o kò ní ibòmíràn tí o lè lọ kò ní dínwó fún ọ. Ní 2023, Martínez yìí kan náà parí àdéhùn rẹ̀, ó sì bọ́ sí Barcelona lọ́fẹ̀ẹ́. Fernando Llorente ti ṣe bẹ́ẹ̀ lọ sí Juventus ní 2013. Àdánù ọ̀fẹ́ yìí ló ń dun ẹgbẹ́ yìí ju títà lọ, torí ẹni náà lọ, owó náà ò sì wọlé. Ìdí rèé tí wọ́n fi ń fún àwọn òpó ilé ní àdéhùn gígùn: Iñaki Williams buwọ́ lù ú títí di 2028 lọ́dún 2019, Nico àbúrò rẹ̀ sì buwọ́ lù ú títí di 2035 nígbà tí Barcelona ń lé e ní 2025.

Àdéhùn gígùn wà ní Chelsea náà, àmọ́ iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n ń fi í ṣe níbẹ̀.

Bí England ṣe ń ṣírò rẹ̀ rèé. Owó tí ẹgbẹ́ fi ra agbábọ́ọ̀lù kì í wọ ìwé ìnáwó lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n máa ń pín in sí iye ọdún tó wà nínú àdéhùn. Ti Kepa jẹ́ ọdún méje, nítorí náà nǹkan bíi mílíọ̀nù 10.2 pọ́n-ùn ló ń jáde lọ́dún kan. Owó títà kì í ṣe bẹ́ẹ̀: gbogbo èrè rẹ̀ ló ń wọlé lọ́dún tí wọ́n tà á. Àwọn olówó tuntun tó ra Chelsea ní oṣù karùn-ún 2022 rí àǹfààní inú èyí. Lóṣù kìíní 2023, wọ́n ra Enzo Fernández ní mílíọ̀nù 106.8, wọ́n sì fún un ní àdéhùn ọdún mẹ́jọ ààbọ̀. Pín in, mílíọ̀nù 12.6 ni lọ́dún. Ká ní ọdún márùn-ún ni, ìbá jẹ́ 21.4. Nígbà tí òfin Premier League kò gbà kí àdánù ẹgbẹ́ kọjá mílíọ̀nù 105 láàárín ọdún mẹ́ta, ìyàtọ̀ yìí lórí ẹni mẹ́wàá tó láti ra ẹlòmíràn. Láìpẹ́, UEFA, àjọ bọ́ọ̀lù Yúróòpù, dí ihò náà ní 2023, Premier League sì tẹ̀ lé e ní oṣù kejìlá ọdún yẹn: àdéhùn lè gùn tó bó ṣe wù ú, ṣùgbọ́n ọdún márùn-ún ni òpin ìpínwó.

Ìṣirò yìí kan náà ló sọ ọmọ inú ilé di ọjà. Ẹni tí Chelsea tọ́ dàgbà ní ọgbà Cobham kò ní owó ìrà nínú ìwé, gbogbo iye tí wọ́n bá tà á ló di èrè. Mason Mount lọ sí Manchester United ní 2023, Conor Gallagher sí Atlético Madrid lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ó bani nínú jẹ́ púpọ̀ pé òfin tí wọ́n ṣe láti má jẹ́ kí ẹgbẹ́ wọ gbèsè ló ń lé ọmọ ilé síta.

Orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù tí ẹgbẹ́ ń fi sílẹ̀ fún líìgì náà ní òfin tirẹ̀. Premier League ń gba ẹni 25, àwọn tí wọn kò tọ́ ní England tàbí Wales kò sì gbọdọ̀ ju 17 lọ. Ẹni tí kò tíì ju ọdún 21 lọ kì í gba àyè nínú rẹ̀, èyí tó jẹ́ ara ìdí tí Chelsea fi fẹ́ràn ọmọ kékeré. Ibi ìtọ́dàgbà ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ìlú: Cesc Fàbregas tó jẹ́ ọmọ Spéènì wọ inú ọmọ ilé nígbà tó wà ní Chelsea, nítorí pé Arsenal gbà á láti ọmọ ọdún 16. UEFA le ju bẹ́ẹ̀ lọ: àyè mẹ́jọ nínú 25 jẹ́ ti àwọn tí wọ́n tọ́ lórílẹ̀-èdè náà, mẹ́rin nínú wọn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ tọ́. Bí mẹ́rin ò bá pé, àyè tó kù á ṣófo ni. Ẹgbẹ́ tó ti ta ọmọ Cobham tán máa jìyà èyí. Athletic kì í tilẹ̀ ronú nípa rẹ̀.

Ìjáde ló wá kù. Tẹ́lẹ̀, Chelsea máa ń yá ogunlọ́gọ̀ agbábọ́ọ̀lù jáde lọ́dún kan. FIFA fi gbèdéke sí iye tí ẹgbẹ́ lè yá lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn: mẹ́jọ ní 2022, méje ní 2023, mẹ́fà láti 2024, yàtọ̀ sí àwọn tí kò ju ọdún 21 lọ àti àwọn tí ẹgbẹ́ náà tọ́ fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ní àdéhùn ọdún púpọ̀ pẹ̀lú owó ọ̀sẹ̀ tí ẹlòmíràn kò lè san kò ní ìdí láti kánjú.

Kepa fúnra rẹ̀ lọ sí Real Madrid ní ìyáni fún sáà 2023/24. Kí wọ́n tó yá a fún Bournemouth ní 2024, Chelsea fi ọdún kan kún àdéhùn rẹ̀, ó di 2026. Lójú ẹni tó ń wòran, kò nítumọ̀. Ṣe ìṣirò rẹ̀: nǹkan bíi mílíọ̀nù 10.2 ló kù nínú ìwé, ọdún méjì ni wọ́n wá pín in sí, 5.1 lọ́dún. Ní ọdún 2025, tó ku 5.1 yẹn, Arsenal rà á ní mílíọ̀nù 5. Chelsea kò jèrè, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí àdánù tó máa hàn nínú ìwé ọdún yẹn.

Lọ́dún 2025 kan náà, Athletic gba Laporte padà láti Al Nassr ní Saudi Arabia. Lọ́dọ̀ wọn, orúkọ ẹni tó ti lọ kì í kúrò nínú àwọn tí wọ́n ń ṣọ́, torí pé àwọn tó lè wọ aṣọ náà kò pọ̀.