Àwọn Obìnrin Ló Dá A Sílẹ̀: Bí Iṣẹ́ Ìlú Lédè Faransé Ṣe Bẹ̀rẹ̀ ní Ontario

Bí ẹ bá bi àwọn amòfin léèrè ibi tí ẹ̀tọ́ àwọn elédè Faransé ti ṣẹ̀ ní Ontario, ní orílẹ̀-èdè Kánádà, ọdún 1986 ni wọn yóò dárúkọ. Ọdún náà ni àwọn aṣòfin ní Toronto fọwọ́ sí òfin tó ní kí àwọn ọ́fíìsì ìjọba máa dá ará ìlú lóhùn lédè Faransé ní àwọn àdúgbò tí òfin yàn. Èmi kò gbà pé ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Òǹtẹ̀ ni òfin yẹn lù. Ohun tó lu òǹtẹ̀ náà sí ti wà nílẹ̀ tipẹ́, àwọn obìnrin ló sì gbé e kalẹ̀: olùkọ́, sísítà ìjọ Àgùdà, ìyá ọlọ́mọ.

Lójú ará Kétu tàbí Ṣakétẹ́, èdè ìjọba ni Faransé, èdè ọ̀gá. Ní Ontario ọ̀rọ̀ yí padà. Àwọn tí Faransé jẹ́ èdè wọn níbẹ̀ lé ní 600,000, síbẹ̀ wọn kò tó ẹnì kan nínú ogún.

Etí odò Detroit, níbi tí ìlú Windsor wà lónìí, ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Láti 1749 ni àwọn àgbẹ̀ Faransé ti ń gba ilẹ̀ ní bèbè gúúsù odò náà, nítòsí ibi tí àwọn fadá Jésúíìtì ti ń wàásù fún àwọn Huron, ẹ̀yà onílẹ̀ kan. Nígbà tí ilẹ̀ náà bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní 1763, àwọn àgbẹ̀ yìí kò kó lọ. Ní 1786, olùkọ́ obìnrin méjì ṣílé ìwé lédè Faransé fún àwọn ọmọ ìjọ Assumption níbẹ̀. Ibí yìí ni mo fi ìpilẹ̀ṣẹ̀ sí. Ìjọba wo ló rán wọn? Kò sí. Ìpínlẹ̀ tí à ń pè ní Ontario kò tíì sí rárá; ọdún 1791 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé Upper Canada, tó wá di Ontario, kúrò lára Québec. Èrò tèmi ni pé àwọn ìyá ló gbé ilé ìwé yẹn ró: ẹni tó ní àlìkámà mú àlìkámà wá, ẹni tó ní adìyẹ mú ẹyin wá, ẹlòmíràn la igi ìdáná fún ìgbà òtútù. Ẹni tó bá mọ bí abúlé ṣe ń tọ́jú olùkọ́ kò ní pe èyí ní àsọdùn. Mo tiẹ̀ rò pé àṣà kí olùkọ́ máa gbé nílé òbí kan sí òmíràn lè ti wà níbẹ̀, nítorí ibi tí owó bá ti ṣọ̀wọ́n, oúnjẹ àti ibùsùn ló máa ń di owó oṣù. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, á jẹ́ pé ilé àwọn obìnrin ni ọ́fíìsì àkọ́kọ́ tí a ti ń fi Faransé dá ará ìlú lóhùn ní Ontario.

Àwọn kan a máa tọ́ka sí ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà 1793, nígbà tí àwọn aṣòfin tó jókòó ní Niagara pàṣẹ pé kí wọ́n túmọ̀ òfin sí Faransé fún àwọn ará ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ náà. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé òfin kò kọ́ ọmọ ní ABD, kò sì tọ́jú aláìsàn.

Ẹni tó sọ irú iṣẹ́ yẹn di ohun tí odindi ìlú lè gbára lé ni sísítà Élisabeth Bruyère. Oṣù Kejì 1845 ló ti Montréal dé Bytown, ọmọ ọdún 26, òun àti àwọn sísítà díẹ̀, nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin orí yìnyín. Kọ́nẹ́ẹ̀lì John By, tó gbẹ́ odò àgbẹ́dá Rideau, ni wọ́n fi orúkọ ìlú náà sọrí. Ní 1855 ni wọ́n sọ ọ́ di Ottawa, láti ara orúkọ ẹ̀yà Odawa tí òwò ṣíṣe ti mọ́ lára. Ìlú agégẹdú ni, ìlú ìjà àti ọtí, Faransé àti Irish ń bá ara wọn fa á. Oṣù Kẹta ni Bruyère ṣílé ìwé, ó sì kó ọmọ Faransé àti ọmọ elédè Gẹ̀ẹ́sì sábẹ́ òrùlé kan náà, kí olúkúlùkù máa gba èdè tirẹ̀. Oṣù Karùn-ún ló ṣílé ìwòsàn kékeré. Ní 1847 àìsàn taífọ́ọ̀sì bá àwọn Irish tí ìyàn lé kúrò nílé wọ̀lú. Àwọn sísítà yìí gbà wọ́n sílé, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kó àìsàn náà fúnra wọn. Wọn kò bi ẹnikẹ́ni ní èdè tó ń sọ kí wọ́n tó fún un lómi mu. Mo dúró lórí èyí nítorí àwọn tó ń sọ pé ìyapa ni iṣẹ́ lédè méjì ń dá sílẹ̀. Ilé ìwòsàn elédè méjì ló gba ìran Irish là ní Bytown.

Ní 1912, ìjọba James Whitney gbé Òfin 17 jáde: lẹ́yìn ọdún méjì àkọ́kọ́ nílé ìwé, kí Faransé má ṣe jẹ́ èdè ìkọ́ni mọ́. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ kò múná dóko ní àwọn ilé ìwé náà. Àtúnṣe tó yẹ ibẹ̀ ni olùkọ́ tó dáńtọ́, kì í ṣe kí a gba èdè lẹ́nu ọmọ. Ilé ìwé Guigues ní Ottawa ni ọ̀ràn náà ti dójú ẹ̀. Béatrice àti Diane Desloges, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, kò yéé fi Faransé kọ́ ọmọ, wọ́n sì lé wọn kúrò nílé ìwé. Ní oṣù Kìíní 1916 àwọn ìyá ọmọ dá wọn padà síbẹ̀, wọ́n sì ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tọ̀sán-tòru.

Ohun ìjà wọn ni abẹ́rẹ́ fìlà. Láyé ìgbà yẹn, obìnrin tó bá gbayì kì í jáde láìdé fìlà fẹ̀ǹfẹ̀, abẹ́rẹ́ irin gígùn ló sì ń há a mọ́ irun, ó gùn jọ ìkótí tí onídìrí fi ń la irun. Àwọn ọlọ́pàá tó wá kó wọn kúrò rí ẹnu rẹ̀ ṣóṣóró, wọ́n padà sẹ́yìn. Àwọn ìyá náà kò pa ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n ní lórí ni wọ́n fi dáàbò bo ilé ìwé ọmọ wọn.

Amòfin Napoléon-Antoine Belcourt àti ẹgbẹ́ àwọn elédè Faransé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1910 gbé ẹjọ́ dé London, níbi tí ilé ẹjọ́ tó ga jù fún Kánádà wà nígbà náà. Wọ́n pàdánù níbẹ̀ lọ́dún 1916 kan náà: ilé ẹjọ́ ní ẹ̀sìn ni ìwé òfin 1867, tí wọ́n fi dá Kánádà sílẹ̀, dáàbò bò, kì í ṣe èdè. Ẹjọ́ kò gba ilé ìwé náà là. Ní 1923, ní ìlú Pembroke, Jeanne Lajoie tún ṣílé ìwé aládàáni lédè Faransé. Nígbà tó di 1927, ìjọba jáwọ́ nínú lílo Òfin 17.

Àwọn sísítà ló tún dá ilé ìwòsàn Montfort sílẹ̀ ní Ottawa ní 1953. Ní oṣù Kejì 1997, àjọ tí ìjọba Mike Harris gbé kalẹ̀ ní kí wọ́n tì í pa. Gisèle Lalonde, olórí ìlú Vanier nígbà kan, ló ṣíwájú ìjà náà. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta, bí ẹgbàárùn-ún ènìyàn péjọ ní pápá ìṣeré kan ní Ottawa. Ní oṣù Kejìlá 2001, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Ontario dá wọn láre: dídáàbò bo àwọn tí kò pọ̀ wà lára ìpìlẹ̀ òfin Kánádà bí wọn kò tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, ìjọba sì gbọ́dọ̀ rò ó dáadáa kó tó fọwọ́ kan ilé ìwòsàn tí àwọn dókítà elédè Faransé ti ń kọ́ṣẹ́. Àríyànjiyàn tí Belcourt bá lọ sí London tí kò mú bọ̀, Lalonde rí i gbà ní Toronto.

Ìyókù kò pẹ́ sọ. Ilé ìwé girama ìjọba lédè Faransé wọlé ní 1968, àsíá aláwọ̀ ewé àti funfun ti àwọn elédè Faransé ibẹ̀ ní 1975. Bernard Grandmaître ni mínísítà tó gbé òfin 1986 kọjá, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kíkún ní 1989. Ní 2007 wọ́n yan kọmíṣọ́nà tí yóò máa gbọ́ ẹ̀hónú. Ní 2018 ìjọba Doug Ford kéde pé ọ́fíìsì náà kò ní dá dúró mọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn jáde káàkiri ìpínlẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá. Kó tó di ọjọ́ náà, obìnrin kan nínú àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ ìjọba, Amanda Simard, ti fi ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ náà.