Èèpo ẹ̀gẹ́ ló ní májèlé, òun náà ló ní ohun tó ń tú u

Níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe gàrí, òórùn ló kọ́kọ́ ń pàdé àlejò. Òkìtì èèpo tó ti ń rà lẹ́yìn ọgbà ló ń rùn bẹ́ẹ̀. Nàìjíríà ló ń kórè ẹ̀gẹ́ jù lágbàáyé, èèpo ò sì lè wọ́n níbẹ̀. Àwọn kan ń dáná sun ún, àwọn mìíràn ń fi í sílẹ̀ fún òjò. Bẹ́ẹ̀ sì ni ewúrẹ́ tó bá jẹ èèpo tútù yó lè kú, nítorí májèlé tó ń jẹ́ sáyánáìdì nínú èèpo pọ̀ ju ti inú ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti bó lọ.

Sáyánáìdì yìí kì í dá wà. Ó so mọ́ ṣúgà nínú èròjà kan tó ń jẹ́ línámárìn. Àárín sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ẹyọ tíntìntín tó para pọ̀ di èèpo, nínú àpò omi tó wà níbẹ̀, ni línámárìn ń gbé. Ẹ́ńsáìmù, ìyẹn èròjà tó ń mú kí nǹkan tètè fọ́, tó lè já a, wà lára ògiri sẹ́ẹ̀lì náà; línámárésì ló ń jẹ́. Inú ilé kan náà ni àwọn méjèèjì wà, àmọ́ wọn kì í fojú kanra àfi tí nǹkan bá wó ilé. Ohun ìjà ẹ̀gẹ́ nìyẹn: ẹni tó bá rún un lẹ́nu ló ń tú májèlé sára ara rẹ̀.

Ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́ ló ń wó ilé náà. Bí èèpo bá ti di rírin, ẹ́ńsáìmù á bá línámárìn, á já ṣúgà kúrò lára rẹ̀. Èyí tó ṣẹ́ kù ò lágbára láti dúró pẹ́. Á fọ́ fúnra rẹ̀, sáyánáìdì á sì jáde. Ooru bíi ìwọ̀n 26 lórí òṣùwọ̀n Celsius ti tó láti sọ ọ́ di afẹ́fẹ́, ọ̀sán gangan nílẹ̀ wa sì ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé sísè ló dára jù. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí èèpo odindi bá bọ́ sínú omi híhó, iná á pa ẹ́ńsáìmù kó tó ṣiṣẹ́, línámárìn ní tirẹ̀ á sì fara da iná náà. Sísá èèpo odindi sóòrùn náà ń gba bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, èébú a sì máa hù sí i kó tó gbẹ.

Ní Ìbàdàn, àwọn onímọ̀ ILRI, àjọ tó ń ṣèwádìí nípa ẹran ọ̀sìn, gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ń rin èèpo, nígbà mìíràn lẹ́ẹ̀mẹta, kó lè kúnná dáadáa. Wọ́n á kó o sápò, wọ́n á fi jáàkì tẹ̀ ẹ́ bí ìgbà tí èèyàn ń ṣe gàrí gẹ́lẹ́, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ mọ́jú. Láàárọ̀, wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á sá a sórí tapólìn tàbí kí wọ́n yan án nínú agbada. Nítorí pé omi ti lọ, oòrùn ọjọ́ kan ń tó o. Tọ́ọ̀nù 3 èèpo tútù ń di tọ́ọ̀nù 1 oúnjẹ ẹran. Lẹ́búlẹ́bú tó gba inú asẹ́ kọjá ni ti ẹlẹ́dẹ̀, adìyẹ àti ẹja. Ṣákítí tó kù lórí asẹ́ ni ti màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́.

Omi tí jáàkì fún jáde ló gba ìṣọ́ra. Sáyánáìdì wà nínú rẹ̀, ó kan gan-an, koríko kì í sì í hù lójú ọ̀nà tó bá ń gbà kọjá. Kòtò ni kí wọ́n darí rẹ̀ sí, kó jìnnà sí kànga àti odò.