Ski Wo Ni Kí Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Kọ́ Ọ Rà?

Ìbéèrè: Mo fẹ́ ra ski, àwọn pákó gígùn tí wọ́n ń dè mọ́ ẹsẹ̀ láti fi yọ̀ lórí yìnyín. Wọ́n ní kí n ra all-mountain, pé gbogbo òkè ló wà fún. Kí ló wá dé tí oríṣi rẹ̀ fi pọ̀ tó báyìí?

Ìdáhùn: Orúkọ yẹn ló ń tàn yín. Kò sí ski tó mọ iṣẹ́ gbogbo ṣe dọ́gba. Ẹ wo àárín rẹ̀, níbi tí bàtà ń jókòó sí: bó ṣe fẹ̀ tó níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Mìlímítà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, láti nǹkan bí 80 dé 100 ni wọ́n sì sábà ń pè ní all-mountain. Èyí tí àárín rẹ̀ tín-ín-rín máa ń tètè yí, irin etí rẹ̀ a sì jẹ wọ inú yìnyín líle. Èyí tó fẹ̀ kì í rì nínú yìnyín rírọ̀ tó jìn, àmọ́ ẹ gbé e dé orí yìnyín tó ti ki, yóò máa lọ́ra, orúnkún ni yóò sì jẹ ìyà rẹ̀.

Ìbéèrè: Mélòó wá ni tèmi?

Ìdáhùn: Tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, 75 sí 82 ti tó, torí ojú ọ̀nà tí ẹ̀rọ ti tẹ́ pẹrẹsẹ ni ẹ ó máa wà. Ẹni tó ti ń yí láìfòyà, tó fẹ́ máa yà kúrò lójú ọ̀nà lọ́jọ́ tí yìnyín tuntun bá bọ́, lè gòkè dé 88 tàbí 90. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ra ski fún ara wọn. Ẹni tí wọ́n ń retí láti dà lọ́dún mẹ́ta sí i ni wọ́n ń rà á fún.

Ìbéèrè: Gígùn rẹ̀ ńkọ́?

Ìdáhùn: Nígbà kan, ski tó gùn tó 200 sẹ̀ǹtímítà kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Àfi ìgbà tí ilé iṣẹ́ Elan ti Slovenia àti àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọnú láàárín ọdún 1990 sí 2000, tí orí àti ìdí fẹ̀, tí àárín sì fún bíi ti gángan. Irú èyí, ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lásán, ó ti ń yí nìyẹn, kò nílò gígùn púpọ̀ mọ́.

Ẹ nà án dúró: kí orí rẹ̀ wà láàárín àgbọ̀n àti imú fún olùbẹ̀rẹ̀, kó sún mọ́ iwájú orí fún ẹni tó ti gbówọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ski kò mọ bí ẹ ṣe ga tó, ìwúwo yín ló ń tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó sanra ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kó mú èyí tó gùn díẹ̀ sí i.

Ìbéèrè: Kí ni rocker àti camber tí wọ́n ń pariwo?

Ìdáhùn: Ẹ tẹ́ ski sílẹ̀. Tí àárín rẹ̀ bá gbé sókè díẹ̀, camber nìyẹn: ó ń jẹ́ kó di yìnyín mú. Tí iwájú bá tètè tẹ̀ sókè kó tó dé ṣóńṣó, rocker nìyẹn: kì í jẹ́ kó tètè há. Rocker níwájú, camber lábẹ́ ẹsẹ̀, ìyẹn ló rọ̀ yín lọ́rùn jù. Ẹ sá fún èyí tí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ sínú rẹ̀. Tí ara yín bá fà sẹ́yìn lórí rẹ̀, bí ara olùbẹ̀rẹ̀ ṣe máa ń fà, kò ní gbọ́ tiyín mọ́.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè fúnra mi yí ìdè tó di bàtà mú?

Ìdáhùn: Rárá o. Ìwúwo, gíga, ọjọ́ orí, gígùn ìsàlẹ̀ bàtà àti bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n tó ni wọ́n fi ń ṣírò iye tí wọ́n ń pè ní DIN, èyí tó ń sọ bí ìdè náà ṣe gbọ́dọ̀ le tó. Tí ìdè bá le jù, kò ní tú nígbà tí ẹ bá ṣubú, ẹsẹ̀ lè ṣẹ́ tàbí kí orúnkún yẹ̀. Tó bá dẹ̀ jù, yóò tú lójú eré. Ẹ gbé e fún onímọ̀ iṣẹ́.

Ìbéèrè: Owó mi kò tó nǹkan. Kí ni kí n kọ́kọ́ rà?

Ìdáhùn: Bàtà. Ẹ lè máa háyà ski, ẹ óò sì ti dán oríṣi mẹ́ta mẹ́rin wò kí ẹ tó náwó. Tí ẹ bá wọ bàtà náà tí ẹ nàró, kí àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ yín kan iwájú bàtà; tí ẹ bá tẹ orúnkún síwájú, kí wọ́n fà sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ wọ̀ ọ́ fún ogún ìṣẹ́jú nínú ṣọ́ọ̀bù. Tó bá tù yín lára bíi sálúbàtà, ó ti tóbi jù.