Bí Pọ́ǹpù Epo Bá Ti Já, Ẹ Jẹ́ Kó Dúró Síbẹ̀

Ọkọ̀ mẹ́rin ni wọ́n fi okùn fà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Iléṣà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àìsàn kan náà ló sì ń ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọkọ̀ kúrò nílé dáadáa, ó dé ilé epo, wọ́n rọ epo kún un, kò sítáàtì mọ́. Ẹni àkọ́kọ́ ti pààrọ̀ pọ́ǹpù inú tánńkì kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹnì kejì ti ra púlọ́ọ̀gì lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ti tú gbogbo wáyà ti ẹnì kẹta palẹ̀. Ẹnì kẹrin, ìyá kan tó jẹ́ ọ̀gá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ti gbààwẹ̀ ọjọ́ méje, nítorí wọ́n sọ fún un pé ẹnì kan nínú ẹbí ọkọ rẹ̀ ló ń di ọkọ̀ náà mú ní gbogbo ìgbà tó bá ti náwó lé e lórí.

Mo ní, "Màmá, ẹ dákun, ẹ fi ẹbí ọkọ yín sílẹ̀." Purge valve, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ epo wọ inú ẹ́ńjìnnì, ló ṣí tí kò lè padé mọ́. Nǹkan tí kò tó ìkúùkù ọmọdé. Inú bí mi gan-an, kì í ṣe sí màmá, sí ẹni tó gbowó lọ́wọ́ wọn lórí ohun tí mo fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá rí.

Epo bẹntiróòlù kì í jókòó jẹ́ẹ́ sínú tánńkì. Bí oòrùn bá ti mú un, a di afẹ́fẹ́, a máa wá ọ̀nà jáde. Ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ pàṣẹ pé ọkọ̀ tuntun ti 1970 kò gbọdọ̀ máa tú afẹ́fẹ́ yìí síta, gbogbo Amẹ́ríkà sì tẹ̀ lé e ní 1971. Ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú tòkunbọ̀ tí à ń gùn ti wá, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń bá àpótí dúdú kan pàdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ tánńkì tàbí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Káńísítà ni. Èédú ló kún inú rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tí a fi ń sun àgbàdo. Ihò wẹ́wẹ́ ló gba gbogbo ara rẹ̀ kan. Gíráàmù kan ṣoṣo nínú rẹ̀, bí a bá lè tẹ́ gbogbo ihò ara rẹ̀ sílẹ̀, yóò fẹ̀ ju púlọ́ọ̀tì ilẹ̀ ẹsẹ̀ 50 sí 100 lọ. Inú ihò wọ̀nyẹn ni afẹ́fẹ́ epo ń sá sí. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, purge valve á ṣí, ẹ́ńjìnnì á fa afẹ́fẹ́ náà mu, á sì jó o. Epo tí ẹ fowó rà ni, kò ṣòfò.

Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ni wọ́n ṣe èédú yìí fún. Kò lè gba epo olómi. Ọ̀rọ̀ tó gbé mi dìde gan-an nìyí. Pọ́ǹpù ilé epo ti já, ó ti dá ara rẹ̀ dúró, ó ti sọ fún yín pé tánńkì kún. Ẹ ní kí ọmọ tó ń ta epo tún tẹ̀ ẹ́. Ó tún já. Ẹ ní kó mi ọkọ̀, kí epo lè wọlẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, ìwà yìí ti burú sí i, olúkúlùkù ń rò pé ìkán epo tó kẹ́yìn yẹn lèrè. Mo mọ̀ pé ọmọ òṣómàáló ni wá, a kì í fi náírà ṣeré. Ẹ wá gbọ́ ibi tí epo yẹn ń lọ. Ó ń gba ojú páìpù afẹ́fẹ́ lọ sínú káńísítà, èédú á rin gbingbin. Bó bá pẹ́, èédú á fọ́, ẹ̀rún rẹ̀ á máa gba inú họ́ọ̀sì lọ títí yóò fi há sẹ́nu purge valve. Valve kò ní lè padé mọ́. Ní ọjọ́ tí ẹ bá tún rọ epo, epo tó ń wọlé á ti afẹ́fẹ́ inú tánńkì lọ tààrà sínú ẹ́ńjìnnì, á pọ̀jù fún un, kò ní jó. Ẹni tó ń di ọkọ̀ màmá mú kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bó bá ṣẹlẹ̀ sí yín lójú ọ̀nà Àkúrẹ́, ẹ tẹ accelerator mọ́lẹ̀ dé ìdí bí ẹ ṣe ń yí kọ́kọ́rọ́. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ á dá epo dúró fúngbà díẹ̀, afẹ́fẹ́ tó pọ̀jù á jáde, yóò sì sítáàtì. Lẹ́yìn náà ẹ gbé e wá.

Ìdérí tánńkì: ẹ wo rọ́bà etí rẹ̀ bóyá ó ti là, ẹ dé e títí yóò fi dún. Bó bá jẹ́ pé pọ́ǹpù ń já léraléra nígbà tí tánńkì ò tíì kún, ibi tí káńísítà ń gbà mí ló dí. Eruku pupa ti ọ̀nà wa àti ilé aláǹtakùn ni mo sábà ń bá níbẹ̀.

Nípa iná check engine, mo ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lú àwọn tó ra sikánà lánàá tí wọ́n di ẹnjiníà lónìí. Wọ́n á ka P0442, nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ fi ń sọ pé afẹ́fẹ́ epo ń jò níbì kan, wọ́n á pa á rẹ́, wọ́n á gbowó. Iná ò tàn fún ọ̀sẹ̀ méjì, oníbàárà ń yìn wọ́n. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kì í sábà yẹ jíjò yìí wò àfi tí epo bá wà láàárín bí 15 sí 85 nínú ọgọ́rùn-ún tánńkì. Ẹni tó ń fi epo tó kù díẹ̀ rìn lójoojúmọ́ kò ní tètè rí iná, ihò sì wà níbẹ̀. P0442 ń wá ihò tó tó mìlímítà 1, P0456 ń wá èyí tí kò ju ìdajì ìyẹn lọ. Ojú lásán ò lè rí i. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ èéfín sínú páìpù ni mo fi ń wá a. Owó ńlá ni mo fi rà á, gbogbo ọmọ iṣẹ́ mi ló sì mọ̀ ọ́n lò.

Àwọn mìíràn tiẹ̀ ń gé káńísítà jù nù. "A ò nílò rẹ̀ ní Nàìjíríà." Wọ́n á fi họ́ọ̀sì sílẹ̀ lẹ́nu gbayawu.

Ọdún kẹrin tí mo ń kọ́ṣẹ́ ni wọ́n gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wá láti Òṣú, wọ́n fẹ́ jó sàláńsà rẹ̀. Òórùn epo ń bọ̀ lára rẹ̀, a sì rò pé yóò lọ. Afẹ́fẹ́ epo wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ. Ilẹ̀ ló ń fà lọ, kò ní gòkè. Inú kòtò tí a fi ń wo abẹ́ ọkọ̀ ló rọ́ sí. Ẹ̀gbọ́n tó jù mí lọ lẹ́nu iṣẹ́ wà nínú kòtò náà, ó fẹ́ tú bóòtù. Wẹ́dà fi iná kan irin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. N ò rí iná tó ń rìn, mo kàn rí i pé kòtò ti di iná. A fa ẹ̀gbọ́n jáde láàyè, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti jó. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń di sípánà mú. Kò lè di í mú mọ́ títí di òní.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ òórùn epo lára ọkọ̀ yín, ẹ pa á, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣáná nítòsí, kí ẹ sì jẹ́ kí mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n rí abẹ́ tánńkì kí wẹ́dà tó fọwọ́ kàn án.