Afẹ́fẹ́ Ẹ̀rọ Kò Kéré, Ó Ń Jò Ni

"Ẹ bá mi fi kún afẹ́fẹ́ rẹ̀, kò tó mi." Bí ẹni tó ń lo ẹ̀rọ CPAP, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ síni nímú kí èémí má bàa dá lójú oorun, bá jí láàárọ̀ tí oorun ṣì ń kùn ún, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ nìyẹn. Láti Tankẹ́ ní Ìlọrin dé Ọ̀fà, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn bàbá àti ìyá tí ọmọ wọn fi ẹ̀rọ náà ránṣẹ́ láti òkè òkun, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà ti sú mi, nítorí ó ń ṣe àwọn èèyàn wa ní jàǹbá.

Pé kí èèyàn máa hanrun títí èémí á fi dá kì í ṣe oorun àsùnwọra, àìsàn ni, a ti sọ ìyẹn tó. Ẹni tó bá ti gbọ́ kí bàbá rẹ̀ máa hanrun, kó dákẹ́ lójijì, kó tún wá mí kanlẹ̀ pẹ̀lú ariwo, kò nílò ẹlẹ́rìí mìíràn.

Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé ẹ̀rọ yìí kì í fúnni ní ọ́síjìn. Afẹ́fẹ́ inú yàrá yín ló ń fà wọlé, tó ń sẹ́ eruku rẹ̀, tó sì ń fẹ́ padà sí yín nímú. Ọ́síjìn inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí 21 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, bó ṣe wà níta náà ni. Afẹ́fẹ́ lásán yìí kan náà ni dókítà Colin Sullivan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣiṣẹ́ ní Sydney, ní Ọsirélíà, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò lọ́dún 1980, tí wọ́n sì gbé ìròyìn rẹ̀ jáde lọ́dún 1981. Bí a bá sùn, iṣan ọ̀fun máa ń dẹ̀, ọ̀nà èémí àwọn tó ní àìsàn yìí a sì pàdé. Afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ ló ń tì í kó má lè pàdé. Agbára tó fi ń tì í ni nọ́ńbà tí ẹ ń rí, láti 4 dé 20 lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ. Ẹni tí 9 bá ti ṣí ọ̀fun rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa, kí ni 14 fẹ́ ṣí fún un?

Ìbéèrè tí wọn kì í béèrè ni bóyá afẹ́fẹ́ náà tilẹ̀ ń dé ọ̀fun. Bí táyà bá lu, vọ́kánáísà á kọ́kọ́ wá ojú ibi tó ti ń jò kó tó fẹ́ ẹ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu. Ẹni tó ń lo ìbòmú tó bo imú nìkan, bí ẹnu rẹ̀ bá là lójú oorun, afẹ́fẹ́ tó gba imú wọlé á gba ẹnu jáde, ọ̀fun á sì pàdé bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá jí tí ẹnu àti ọ̀fun yín gbẹ táútáú, ẹnu yín ń là nìyẹn. Ìgbà ọyẹ́ ló máa ń burú jù níhìn-ín, torí imú á gbẹ, á dí, ẹnu á sì là fúnra rẹ̀. Àwọn kan tún máa ń fi òrí pa ojú kí wọ́n tó sùn nítorí ọyẹ́. Òrí dára fún awọ ara, ṣùgbọ́n ìbòmú á máa yọ̀ lórí rẹ̀, rọ́bà rẹ̀ á sì tètè gbó. Ẹ fi pa ojú láàárọ̀. Àwọn ààfáà wa tó dá irùngbọ̀n sí náà ní tiwọn: ìbòmú ńlá kì í lẹ̀ mọ́ irùn. Irú kékeré tó ń wọ ihò imú nìkan á dáa fún wọn ju kí wọ́n fa okùn le lọ. Okùn tó bá le jù máa ń gbé etí ìbòmú sókè, á tún dá egbò sórí imú.

Ẹ dùbúlẹ̀ kí ẹ tó ṣètò okùn, kí ẹ̀rọ sì máa fẹ́, torí ojú èèyàn kì í rí bákan náà ní ìjókòó àti ní ìdùbúlẹ̀. Bí ojú yín bá ń pọ́n láàárọ̀, ẹ wo òkè imú, ibẹ̀ ló ti ń fẹ́ sí yín lójú. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló ń ka bó ṣe ń jò. ResMed, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ẹ̀rọ náà, fi 24 lítà ní ìṣẹ́jú kan ṣe ààlà. Ẹ̀rọ náà tún máa ń ka iye ìgbà tí èémí dá ní wákàtí kan, a sì ń fẹ́ kó wà lábẹ́ 5. Ṣùgbọ́n bó bá ń jò púpọ̀, ẹ má gba nọ́ńbà yẹn gbọ́, ẹ̀rọ kò lè gbọ́ èémí yín dáadáa mọ́.

Ihò wẹ́wẹ́ tó wà níwájú ìbòmú kì í ṣe ara ibi tó ń jò o. Ibẹ̀ ni èémí tí ẹ ti lò ń gbà jáde. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi sẹ́lótéèpù dí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é láé.

Bí ẹ bá wá fi agbára kún un láìdí ibi tó ń jò, yóò túbọ̀ jò ni. Afẹ́fẹ́ á wọ inú, inú á wú. Nínú àwọn kan, fún ìgbà díẹ̀díẹ̀, ọpọlọ gan-an á dẹ́kun láti máa pàṣẹ pé kí wọ́n mí, oorun á sì tún bàjẹ́ sí i.

Èmi ò sọ pé kò sí ẹni tí agbára rẹ̀ kéré. Ẹni tó ti sanra sí i láti ìgbà tí wọ́n ti ṣètò ẹ̀rọ, ẹni tó ń mutí lálẹ́, ẹni tó ń lo ẹ̀rọ tí wọ́n ṣètò fún ẹlòmíì, ó lè jẹ́ òótọ́ fún wọn. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn kan wà tí nǹkan kan ò jò rárá, tó jẹ́ pé wákàtí mẹ́rin péré ni wọ́n ń sùn láàárín òde alẹ́ àti ìrun àárọ̀, tàbí obì tí wọ́n jẹ lálẹ́ ni kò jẹ́ kí wọ́n sùn, tàbí oògùn, tàbí ìbànújẹ́ ọkàn. Bí NEPA bá sì mú iná lọ lóru tí kò sí bátìrì, apá yòókù òru yẹn ti lọ nìyẹn.

Nítorí iná yìí kan náà, ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ sítòsí fèrèsé yàrá. Ohun tó wà nínú yàrá ni ẹ̀rọ ń fẹ́ sí yín nímú, títí kan èéfín olóró. Ẹ má fi Robb tàbí àgbo sínú ike omi ẹ̀rọ CPAP. Omi tí wọ́n sè, tí wọ́n sì gba ooru rẹ̀ kó tún di omi (distilled water) ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ oníkẹ́mísìtì. Ẹ má lọ ra omi bátìrì lọ́dọ̀ rẹwáyà, torí ásíìdì wà nínú òmíràn.

Bí ẹ bá ti dí gbogbo ibi tó ń jò, tí oorun ṣì ń kùn yín lọ́sàn-án, ẹ gbé ẹ̀rọ náà tòun ti ìbòmú àti káàdì inú rẹ̀ lọ bá dókítà etí, imú àti ọ̀fun ní ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Òkè-Oyì nítòsí Ìlọrin, kí wọ́n bá yín wo ohun tó ti kà sílẹ̀. Kí ẹ tó lọ, ẹ má fọwọ́ kan nọ́ńbà, ẹ sì jẹ́ kí ẹlòmíì wa ọkọ̀.